Àwa Méjì, Saksofóònù Mẹ́rin

Ìbejì ni wá. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè èwo nínú wa ló ń kọ èyí. Táíwò á kọ ìlà kan, Kẹ́hìndé á pa á rẹ́, á tún un kọ, tó bá yá Táíwò á dọ́gbọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn látìgbà tí a ti dé ayé. Aṣọ kan náà, ibùsùn kan náà, àti láti ọmọ ọdún méjìlá, saksofóònù kan ṣoṣo.

Ilé ìjọsìn aláṣọ funfun kan ní Mushin la ti kọ́ ọ. Tòkunbọ̀ ni tẹ́nọ̀ náà. Owó àjọ ni Mọ́mì fi rà á, agbára wọn ò sì ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n pín in fún wa bí ẹni pín ẹran: Táíwò á fọn ọ́n kí wọ́n tó wàásù, Kẹ́hìndé á gbà á lẹ́yìn ìwàásù. Súútánà wa bákan náà, ẹsẹ̀ lásán wa bákan náà, bí a ṣe ga náà dọ́gba. Ìdajì ìjọ ló gbà pé ọmọ kan ló ń fọn fèrè láti àárọ̀ dé ọ̀sán tí kò rẹ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan bá dá ọ̀kan nínú wa dúró pé, "Ọmọ yìí, o mà mọ fèrè fọn o," ẹni tí wọ́n dá dúró á kàn dúpẹ́ fún àwa méjèèjì. A ò rí ohun tó burú níbẹ̀. A tiẹ̀ ń yangàn pé kò sẹ́ni tó lè dá ohùn wa mọ̀ yàtọ̀.

Ọdún keje rèé tí a ti wà ní London. Tẹ́nọ̀ Mushin ṣì wà nílé, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń fi í kọ́ṣẹ́. Níbí, a da owó pọ̀ ra ọ̀kan tuntun tí kò wọ́n, a tún ń pín in lò bíi ti tẹ́lẹ̀: ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ìgbéyàwó, ìkómọ, ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. A máa ń gba díẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì kí wọ́n lè mọ̀ pé òyìnbó ò tíì gbà wá lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, fèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére. Bọ́tìnì kan á yẹ̀, a ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so ó. Òmíràn á tún yẹ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ àjọ ẹni méjì: £150 lóṣù látọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún oṣù 18. Ó di £5,400. Owó náà ti ní orúkọ kó tó pé: tẹ́nọ̀ àtijọ́, ojúlówó, ẹyọ kan, tí a ó jọ máa lò títí a ó fi darúgbó.

Ẹlòmíì á bèèrè pé kí ló dé tí èèyàn á fi owó tó tó bẹ́ẹ̀ ra ohun tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ ilẹ̀ Belgium ni Adolphe Sax tó dá saksofóònù sílẹ̀, Paris ló sì ti gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní 1846. Idẹ ni ara rẹ̀, idẹ kì í sì í jẹra bí igi. Bí páàdì aláwọ, kọ́ọ̀kì àti sípíríńgì bá gbó, wọ́n á pààrọ̀ wọn, fèrè tó ti lé ní 80 ọdún á tún máa dún. Ohun kejì ni pé láyé ọjọ́un, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èrò tirẹ̀ nípa bó ṣe yẹ kí òpó idẹ náà máa fẹ̀ sí i, àti ibi tó yẹ kí ìka máa bọ́ sí. Bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ìlànà Selmer, ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ Faransé, ló borí. Òun ni ọ̀pọ̀ fèrè tuntun ń tẹ̀lé lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn mìíràn, àfi kó padà sẹ́yìn.

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Selmer ni John Coltrane fọn. Conn ni Dexter Gordon fọn nígbà èwe rẹ̀. Táíwò ti wo fídíò Coltrane lóru débi tí aládùúgbò fi kan ògiri, Selmer Mark VI ló sì wà lọ́kàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé ò dárúkọ ọ̀kankan. Bí Táíwò bá bi í, á ní, "Èyí tó bá ti wù ẹ́ náà ni." Táíwò rò pé ìwà àgbà ni.

Ní Sátidé kan, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Peckham lọ bá bàbá kan tó ń tún fèrè ṣe nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Òyìnbó ni, ó ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo bíi ti mẹkáníìkì. Ó ti to mẹ́ta sórí tábìlì dè wá. A mú ẹnu fèrè tiwa lọ, èyí tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe, pẹ̀lú ríìdì kan ṣoṣo. Ìdí ni pé bí èèyàn bá ń pààrọ̀ ẹnu fèrè bó ṣe ń pààrọ̀ fèrè, kò ní mọ èwo ló ń yí ohùn padà. Àdéhùn wa ni pé àwa méjèèjì á fọn orin ìsìn kan náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín gbùngbùn ohùn, fóònù á sì gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá sọ̀ kalẹ̀ dé B-flat ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àléébù tẹ́nọ̀ máa ń fara pamọ́ sí.

Táíwò ni yóò máa kọ́kọ́ fọn. Ẹ sáà mọ ìtumọ̀ orúkọ náà: Tọ́-ayé-wò. Ẹ̀gbọ́n rán an jáde kó lọ tọ́ ọ wò, òun á máa bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ní àsìkò.

Èkíní ni Buescher Aristocrat, ti bí ọdún 1950. Elkhart ni wọ́n ti ṣe é, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Buescher, Conn, Martin, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ohun tí Ìsẹ́yìn jẹ́ fún aṣọ òfì ni Elkhart jẹ́ fún fèrè onídẹ. Wọn ò fi gọ́ọ̀mù lẹ páàdì rẹ̀. Ohun kékeré kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀, bíi bọ́tìnì tí à ń tẹ̀ pa lára aṣọ ọmọdé. Bàbá yọ ọ̀kan fi hàn wá, ó tẹ̀ ẹ́ padà, ó dún "kẹ́". Ohùn fèrè náà rọ̀, ó sì kún, bí ohùn ẹni tó jẹun yó tó wá jókòó sábẹ́ igi. Àmọ́ bí a bá gòkè, nóòtì kan tàbí méjì á fẹ́ sá kọjá ibi tó yẹ kó dúró, àfi ká fi ètè dì í mú. "Ó dùn," ni Táíwò wí. "Ó dùn," ni Kẹ́hìndé náà wí. Nígbà tó ku B-flat, Kẹ́hìndé ní ebi ti ń pa òun, ká tètè máa lọ sórí ìkejì. £1,300.

Ìkejì ni Conn 10M, ti bí ọdún 1940, láti Elkhart kan náà. Wọ́n fín àwòrán obìnrin kan tí kò wọ ẹ̀wù sí ara ẹnu ńlá tí ohùn ń gbà jáde, ìdí tí àwọn olórin fi ń pè é ní Naked Lady. A ti mọ ohun tí wòlíì wa á sọ. Etí ihò ara rẹ̀ ni wọ́n ká bọ̀ síta bí etí ìkòkò, kí páàdì lè jókòó lé e dáadáa. Táíwò fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan, kọ́ọ̀bù tíì tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ohùn náà fẹ̀, ó ní òkùnkùn díẹ̀ nísàlẹ̀, ó kún yàrá náà débi tó fi dà bíi pé ògiri sún sẹ́yìn. Táíwò ò sọ̀rọ̀. Ó kàn tún orin náà fọn lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí a ò jọ ṣàdéhùn. £1,900.

Kẹ́hìndé gbà á. Orin àárín lọ geere. Ó wá ku B-flat, kò sì sí ebi kankan tó lè gbà á lọ́tẹ̀ yìí. Lára tẹ́nọ̀, ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló ń bójú tó ìsàlẹ̀ pátápátá. Lára Conn àtijọ́ yìí, bọ́tìnì ibẹ̀ le, irin gígùn ló sì so ó mọ́ ìdérí ńlá méjì tó wà nísàlẹ̀. Kẹ́hìndé tẹ̀ ẹ́. Fèrè náà hó gbùdùgbùdù bí omi inú ìkòkò, kò sí nóòtì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni.

Táíwò ní kò sí ìyọnu, fèrè ló ń jò. Bàbá pa iná yàrá, ó sọ iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ikùn fèrè. Ohun tí wọ́n fi ń wá ibi tó ń jò nìyẹn: páàdì tí kò bá dé dáadáa, ìmọ́lẹ̀ á yọ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá fi ìka tirẹ̀ tẹ bọ́tìnì náà. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó ní kí Kẹ́hìndé tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan yọ.

"Ìka mi ni," Kẹ́hìndé sọ ọ́ nínú òkùnkùn. "Kì í ṣe fèrè."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí páálí já lù ú."

Ó ti tó ọdún méjì tí páálí já lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́ níbi tó ti ń kó ẹrù. Ìka náà ṣẹ́, ó jinná, gbogbo wa gbàgbé. Gbogbo wa, àyàfi ìka náà. Látìgbà yẹn, bí orin bá fẹ́ lọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Kẹ́hìndé á fò ó gba òkè. Táíwò ń gbọ́ ọ. Ó rò pé àrà tuntun ni ẹ̀gbọ́n òun ń dá. Ó tiẹ̀ ti ń kọ́ ọ. Táíwò tí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dá ṣáṣá náà ti ń fò ó gba òkè.

Ibẹ̀ la ti wá mọ ohun tó wà nídìí "èyí tó bá ti wù ẹ́ náà ni". Kẹ́hìndé ti pinnu pé kí a ra ẹyọ kan, kó dára, kó jẹ́ ti Táíwò, kí òun rọra yọwọ́ láìsí ariwo. £150 lóṣù fún oṣù 18, fèrè ẹlòmíì ló ń dá a fún.

Inú bí Táíwò. Ó kọ́kọ́ sọ èyí tí kò yẹ kó sọ, a ò ní kọ ọ́ síbí. Lẹ́yìn náà ló fa Fẹlá wọlé. Ó ní trumpet ni Fẹlá ń fọn nígbà tó wá kọ́ orin ní London níbí ní 1958. Ìgbà tí Igo Chico tó ń fọn tẹ́nọ̀ fún un kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1973 ló tó sọ tẹ́nọ̀ di iṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. "Ìwọ, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, o fẹ́ fẹ̀yìn tì?"

"Fẹlá, páálí ò já lù ú," ni Kẹ́hìndé dá a lóhùn.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wa. Bàbá ò gbọ́ Yorùbá. Ó sáà tan iná padà, ó gbé ìkẹta, ó sì fi lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà tí Kẹ́hìndé ṣáájú.

Selmer Mark VI ni, ti bí ọdún 1965. Ọdún 1954 ni Mark VI jáde, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni àwọn olùrà máa ń kọ́kọ́ wò. Èyí tó ní díjíìtì márùn-ún, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣe títí dé bí ọdún 1962, ni wọ́n máa ń sáré lé jù. Díjíìtì mẹ́fà ni tibí ní, wọ́n sì ti fọ fáníṣì àkọ́kọ́ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n kun òmíràn. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ sí £5,200. Ó wálẹ̀ o, ẹ gbọ́? Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ Mark VI tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀, àmọ́ Elkhart kan náà ni wọ́n ti tò ó pọ̀.

Ìka Kẹ́hìndé bọ́ sórí bọ́tìnì bí ẹni tó wọ ilé baba rẹ̀ lóru tí kò nílò àtùpà. B-flat jáde. Kò lágbára púpọ̀, àmọ́ ó jáde. Táíwò náà gbà á fọn. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó lọ tààrà, ibi tí a bá fi nóòtì sí ló ń dúró, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Fèrè tí Táíwò ti ń lá láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

"Ká ra èyí," ni Táíwò wí.

Kẹ́hìndé ní rárá, òun rí ojú Táíwò nígbà tó ń fọn Conn. Táíwò ní Conn ò ṣe pàtàkì. Kẹ́hìndé ní irọ́ ni. Látìgbà tí a ti wà láyé, nítorí "tèmi ni" la ṣe máa ń jà. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ jà nítorí "tìẹ ni".

Bàbá fi wá sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ sí ìgun yàrá, ó fa àpótí kan tí eruku ti bò jáde. Yamaha YTS-61, Japan ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1970. Ìlànà bọ́tìnì Selmer ni tirẹ̀ náà ń tẹ̀lé. Ara rẹ̀ ti bó, ó ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì ní ìtàn kankan tí èèyàn lè fi yangàn níwájú àwọn olórin. £1,100. Kẹ́hìndé fọn orin náà, ó sọ̀ kalẹ̀, B-flat jáde. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi irin kékeré kan tẹ sípíríńgì kó rọ̀, ó gé kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bọ́tìnì kó lè ga pàdé ìka tí kò nà tán mọ́. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó dá a padà, B-flat yẹn jáde bí ẹni tí wọ́n pè tó dáhùn.

A ò ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Àwa méjèèjì fọn orin ìsìn yẹn lórí Yamaha náà kí iye rẹ̀ lè pé, a sì ní ká lọ fi etí tútù gbọ́ ọ nílé.

Lálẹ́, a fi fáìlì mẹ́jọ ránṣẹ́ sí Mọ́mì lórí WhatsApp, fèrè mẹ́rin, ẹni méjì. A da wọ́n rú, a ò kọ orúkọ sí ọ̀kankan. A ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbọ́ èwo ló dùn jù." Ká sòótọ́, ohun tí Táíwò ń wá ni pé kí wọ́n mú Selmer, kí ẹ̀rí lè wà pé ó tọ́ ká kó gbogbo owó náà lé e.

Àárọ̀ ni ìdáhùn dé. Ohùn Mọ́mì ni, ata ń hó lẹ́yìn wọn. "Èkíní, Táíwò. Ìkejì, Táíwò. Ìkẹta, Kẹ́hìndé. Ìkẹrin, Táíwò." Wọ́n kà á bẹ́ẹ̀ dé ìkẹjọ. A ṣí ìwé tí a kọ ọ́ sí. Wọn ò ṣi ẹyọ kan.

A pè wọ́n. "Mọ́mì, fèrè la ní kí ẹ bá wa wò o, kì í ṣe àwa."

"Ṣé fèrè ni mo bí ni?"

A bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní Táíwò máa ń já èémí gbà kí gbólóhùn tó parí, pé bó ṣe máa ń jẹun náà nìyẹn. Wọ́n ní Kẹ́hìndé máa ń fa nóòtì ìkẹyìn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn tó tún wẹ̀yìn wò. "Láti Mushin ni mo ti mọ̀," wọ́n ní. "Ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ jọra."

A padà lọ gbọ́ àwọn fáìlì náà fúnra wa. Ẹnu fèrè kan, ríìdì kan, orin kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Conn àti Yamaha lẹ́nu Táíwò kéré sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín Táíwò àti Kẹ́hìndé lórí Conn kan náà. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o, a ò sọ pé gbogbo fèrè dọ́gba. Ẹni tó ń fọn ọ́n á mọ̀ ọ́n lára: ibi tí ọwọ́ ń jókòó sí, bí atẹ́gùn ṣe ń wọlé, bí àyà ṣe ń gbọ̀n. Buescher ń tuni lára, Conn ń kún inú ilé, Selmer ń gbọ́ràn, Yamaha ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó wà nídìí ààrò tó ń ro ata, ẹni tó ń fọn fèrè ló ń gbọ́. Bàtà kì í kọ́ni ní ìrìn, àmọ́ bàtà tó fún lè mú ni tiro. Ọdún méjì ni Kẹ́hìndé fi tiro lójú wa tí a ń pè é ní ijó.

A ra Conn, a ra Yamaha. £3,000. Nínú ọkọ̀ ojú irin la ti rántí pé fèrè méjì ló wà lórí ẹsẹ̀ wa pẹ̀lú ẹnu fèrè kan ṣoṣo. A yọ díẹ̀ nínú owó tó kù, a ra ẹnu fèrè kejì, èyí tó ṣẹ́kù padà sínú àjọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa, a jọ dúró, a jọ fọn. Táíwò ti fi ríbọ́ọ̀nù funfun wé obìnrin ara Conn, torí wòlíì. A kọ́kọ́ ń kọlu ara wa, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, Táíwò dúró sókè, Kẹ́hìndé sọ̀ kalẹ̀. Màmá kan tó jókòó níwájú yíjú wò wá, ó nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ẹyin.

A fi í ránṣẹ́ sí Mọ́mì bí a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fèsì kí a tó délé. "Mo gbọ́ yín o, Ẹ̀jìrẹ́. Níbi tó ti lọ sílẹ̀ yẹn, Kẹ́hìndé nìyẹn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ariwo ọ̀kadà kọjá lẹ́yìn wọn. "Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ níbẹ̀ kẹ́yìn. Ṣé ọwọ́ ẹ ti wá san?"

A ò sọ fún Mọ́mì rí pé páálí já lu ẹnikẹ́ni.